Bí a ṣe ń kọ Balógun tí ẹ̀rù rẹ̀ yóò ba òǹkàwé

Bàbá mi fi ọdún mẹ́sàn-án wa mọ́tò fún bìrìgédíà kan ní bárékè sójà. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, mo máa ń bi í bóyá ọ̀gá rẹ̀ máa ń pariwo mọ́ èèyàn. Ó ní kò ṣe é rí. Ó ní tó bá ti bọ́ awò ojú rẹ̀, tó fa áńkáṣíìfù yọ, tó ń nù ún láìsọ̀rọ̀, àwọn ọ́físà tó wà ní yàrá á bẹ̀rẹ̀ sí í wá ìwé tí kò sọ nù. Mi ò fojú kan ọkùnrin náà rí. Síbẹ̀, títí di òní, bí mo bá rí ẹni tó ń nu awò ojú, àyà mi máa ń já díẹ̀.

Mo ti ń kọ eré orí rédíò láti bí ọdún méjìdínlógún. Àwọn ọ̀dọ́ tó fẹ́ kọ́ iṣẹ́ náà máa ń gbé ìwé eré wá bá mi, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé Balógun kan náà ló wà nínú gbogbo rẹ̀. Àrá á sán, á wọlé. Oǹdè, àdó, ìgbàdí, gbogbo ara. Á pe ọfọ̀ fún ojú ìwé kan àtààbọ̀, á rẹ́rìn-ín, á pa ẹnì kan tí a kò tíì mọ orúkọ rẹ̀. Nígbà tó bá fi máa wọlé lẹ́ẹ̀kẹta, kò tún sí ẹni tó ń bẹ̀rù rẹ̀ mọ́. Ó máa ń dùn mí, torí mo fẹ́ràn àwọn ológun àtijọ́ wọ̀nyí, mo sì mọ̀ pé wọ́n le ju báyìí lọ. Ìdí nìyí tí mo fi ń kọ ohun tí mò ń ṣe sílẹ̀. Ìbàdàn ayé ogun, láàárín 1830 sí 1893, ni màá fi ṣe àpẹẹrẹ jù, torí ibẹ̀ ni mo ti ń rí ohun tí mo fi ń kọ eré mi.

Ẹ kọ́kọ́ to àwọn tó wà lábẹ́ rẹ̀. Kí ẹ tó kọ ọ̀rọ̀ kan tí Balógun yóò sọ, ẹ mọ ẹni tó dúró lọ́wọ́ ọ̀tún rẹ̀ àti lọ́wọ́ òsì. Ọ̀tún Balógun wà, Òsì Balógun wà, Aṣípa àti àwọn yòókù tẹ̀ lé e. Sẹ́ríkí ló ń kó àwọn ọ̀dọ́ jagunjagun, Sàrùmí ló ń kó àwọn ẹlẹ́ṣin. Ní Ìbàdàn, oyè ogun kì í ṣe ogún bàbá. Ẹni tó bá lágbára, tó ní ọmọ ogun lẹ́yìn, ni í gun àkàbà náà, bí ẹni tó wà lókè bá sì kú, àwọn tó wà nísàlẹ̀ a sún sókè. Ẹ rò ó wò. Gbogbo ọkùnrin tó ń dọ̀bálẹ̀ kí Balógun yín láàárọ̀ ló máa jèrè bí kò bá jí lọ́la. Ọ̀tún kí i, ó bi í léèrè àlàáfíà, ó sì fetí sí bó ṣe ń wúkọ́. Ẹni tó ń gbé irú ilé bẹ́ẹ̀ fún ọdún mẹ́wàá tí kò tíì kú, kò nílò àrá kó tó lè bani lẹ́rù.

Lẹ́yìn náà, ẹ wá òfin tó dè é. Èyí ni àwọn ọ̀dọ́ máa ń fò jù, òun sì ni ó dùn jù. Ẹ wo Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò, olórí gbogbo jagunjagun Aláàfin láyé àtijọ́. Gbẹ́rẹ́ 201 ni wọ́n ń sín sí i lórí nígbà tí wọ́n bá ń fi í jẹ. Awọ ẹkùn ló ń jókòó lé. Ọ̀pá Aláàfin ló ń mú lọ sójú ogun. Ó gbọ́dọ̀ lọ sógun lẹ́ẹ̀kan láàárín ọdún mẹ́ta, ibi tí ọba bá nawọ́ sí, kó sì ṣẹ́gun padà wálé láàárín oṣù mẹ́ta, tàbí kí wọ́n gbé òkú rẹ̀ wá. Alágbára tí kò lè padà sílé, ìyẹn ti tó ìtàn. Látòósà, Ààrẹ Ìbàdàn, di oyè yìí mú, ó sì fi ọ̀pọ̀ ọdún jókòó ní ibùdó ogun Kírìjì, tí Ìbàdàn bá àwọn Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà jà, láìṣẹ́gun, títí ó fi kú síbẹ̀ ní 1885. Nígbà tí mo ń kọ eré kan nípa irú ọkùnrin bẹ́ẹ̀, mi ò kọ ìjà kankan sí ìṣẹ́jú mẹ́wàá àkọ́kọ́. Mo ní kí a máa gbọ́ bí àwọn obìnrin ṣe ń tún òrùlé àgọ́ ṣe lẹ́ẹ̀kẹrin. Ìgbà òjò kẹrin ni. Àwọn tó gbọ́ ọ sọ fún mi pé ibẹ̀ gan-an ni ẹ̀rù ti bà wọ́n.

Ẹ má gbàgbé oúnjẹ, ẹ má sì gbàgbé ẹ̀tù. Ìbọn ṣákábùlà kò wúlò láìsí ẹ̀tù, ẹ̀tù sì ń bọ̀ láti etí òkun, ní ọwọ́ àwọn oníṣòwò, lórí àwìn. Ta ni Balógun yín jẹ ní gbèsè? Ẹ bi í. Mo mọ obìnrin kan nínú ìtàn tó jẹ́ kí n mọ̀ pé ìbéèrè yìí ṣe pàtàkì: Ẹfúnṣetán Aníwúrà, Ìyálóde Ìbàdàn. Ní 1874, nígbà tí Látòósà ti ogun Adó dé, ẹ̀sùn mẹ́ta ló kà sí i lẹ́sẹ̀. Kò bá òun lọ sógun. Kò fi nǹkan ránṣẹ́ sí òun lójú ogun. Kò jáde wá pàdé òun lẹ́yìn odi láti kí òun káàbọ̀. Wọ́n yọ ọ́ lóyè, ọdún yẹn kò sì parí tí wọ́n fi pa á sínú ilé ara rẹ̀, ọwọ́ àwọn ẹrú rẹ̀ ni wọ́n fi pa á. Ẹ tún ẹ̀sùn mẹ́ta yẹn kà jẹ́jẹ́. Kò sí ọ̀kan tó jẹ mọ́ ìdà. Oúnjẹ ni, ìrìn ni, ìkíni ni. Ẹni tí kíkí tó ṣàìdé lè mú kó pa Ìyálóde, ṣé ẹ ṣì fẹ́ kó máa rẹ́rìn-ín hà-hà-há? Mo sábà máa ń sọ fún àwọn ọmọ pé kí wọ́n kọ ojú ìwé kan tí Balógun ń dúró de ẹni tí kò wá kí i, kí wọ́n má sì jẹ́ kó bínú rárá.

Èyí mú mi dé ọ̀rọ̀ ẹnu. Èdè wa ti fún wa ní ohun ìjà tí ọ̀pọ̀ wa kì í lò: “ìwọ” àti “ẹ̀yin”. Ẹni tó ń lo “o” fún ẹni, àti ẹni tó ń lo “ẹ”, ti tó láti fi ipò gbogbo ènìyàn inú àgọ́ hàn láìṣàlàyé. Nínú eré mi kan, Balógun ń pe Sẹ́ríkí rẹ̀, ọmọdékùnrin tó tọ́ dàgbà, ní “ìwọ” láti ìbẹ̀rẹ̀. “O ti jẹun?” “O ò tíì sùn?” Lálẹ́ ọjọ́ kan, ó bi í pé, “Ṣé ẹ ti jẹun?” Ohun tó sọ kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó ṣe Sẹ́ríkí kò mọ bó ṣe máa dáhùn nígbà tí a kọ́kọ́ ka ìwé eré náà, ó dákẹ́, mo sì ní kó fi ìdákẹ́jẹ́ yẹn sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Gbogbo ẹni tó gbọ́ Yorùbá mọ̀ pé wọ́n ti yọ ọmọ náà kúrò ní ọmọ.

Bákan náà ni ìdọ̀bálẹ̀. Ẹ jẹ́ kí Balógun yín dọ̀bálẹ̀ fún ẹnì kan. Ìyá rẹ̀ ni mo sábà máa ń lò, tàbí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin tó ń ta ata. Ọkùnrin tí ìlú mẹ́rin ń sá fún, tí àyà rẹ̀ kan ilẹ̀ níwájú igbá ata, yóò túbọ̀ bani lẹ́rù nígbà tó bá dìde, tó gbọn eruku aṣọ rẹ̀, tó sì yíjú sí wa.

Ọfọ̀ ńkọ́? Ẹ lò ó lẹ́ẹ̀kan. Kó kúrú. Kó jẹ́ pé a ti ń retí rẹ̀ tipẹ́. Àṣẹ rẹ̀ náà gbọ́dọ̀ kúrú. Ẹni tó mọ̀ pé wọn yóò gbọ́ràn kì í ṣàlàyé.

Ẹ̀rù náà fúnra rẹ̀, àwọn mìíràn ni kó máa gbé e. Ẹ wo bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ ìtàn kan:

“Ìlẹ̀kùn ilé Balógun ṣí sílẹ̀ gbayawu, ẹnikẹ́ni kò wọlé. Ìyá ẹlẹ́kọ tó máa ń jókòó lábẹ́ ògiri ti gbé igbá rẹ̀ kúrò láti àná, kò sì sí ẹni tó ní kó gbé e. Ọmọ tó ń tọ́jú ẹṣin ń fọ ẹṣin dúdú náà, ibi kan náà ló ń fọ̀ láti ìdájí. Ọ̀tún dé, ó bọ́ bàtà sí ẹnu ọ̀nà. Ó wọlé ní ìgbésẹ̀ méjì, ó padà, ó gbé bàtà rẹ̀ dání.”

Balógun kò tíì yọjú níbẹ̀. Bàtà tí Ọ̀tún gbé dání nítorí pé ó lè di dandan kó sáré, òun ló ṣiṣẹ́ náà.

Oríkì ni ibi tí mo ti máa ń pẹ́ jù. Akígbe àti onílù lè sọ ohun tí ìjòyè kankan kò gbọ́dọ̀ sọ lójú Balógun, torí oríkì wa kì í ṣe ìyìn nìkan. Ẹ gbọ́ ti ìlú Ìbàdàn fúnra rẹ̀: níbi olè gbé ń jàre olóhun. Ìyìn ni, ẹ̀sùn sì ni. Nítorí náà, ẹ kọ oríkì Balógun yín kí ẹ tó kọ ìtàn rẹ̀, kí ìlà kan nínú rẹ̀ máa ta á lára. Ti ọ̀kan nínú àwọn tèmi rèé:

Ọkọ Àṣàkẹ́, a-dákẹ́-bí-ẹni-sùn,
Ó ní òun ò bá wọn jà, ilé wọn jó.
Ó fi ẹrú mẹ́fà ra ẹṣin kan,
Ó gbàgbé ọmọ ìyá rẹ̀ sójú ogun.

Ìlà tó gbẹ̀yìn yẹn ni gbogbo eré náà. Ní gbogbo ìgbà tí onílù bá dé ibẹ̀, Balógun á ju owó fún un kíákíá kó má bàa tún un lù.

Ẹ fún un ní ogun tí kò fẹ́. Àwọn òpìtàn sọ pé Ìbíkúnlé, Balógun Ìbàdàn, kò fẹ́ bá Ìjàyè jà, Ògúnmọ́lá, Ọ̀tún rẹ̀, ni ara rẹ̀ ń gbóná. Kúrunmí, olórí Ìjàyè, kọ̀ láti gba Adélù, Àrẹ̀mọ ọba tó wàjà, ní Aláàfin, nítorí àṣà ni pé kí Àrẹ̀mọ bá bàbá rẹ̀ kú. Ìbíkúnlé lọ bẹ́ẹ̀ náà, Ìjàyè sì fọ́ ní 1862. Ìgbà tí èèyàn bá ń ṣe iṣẹ́ tí ọkàn rẹ̀ kọ̀, tó sì mọ̀ ọ́n ṣe dáadáa, ni mo máa ń bẹ̀rù rẹ̀ jù. Ẹ sì jẹ́ kí ọ̀tá náà jẹ́ èèyàn gidi. Kúrunmí ń gbèjà àṣà àtijọ́, ó sì kú ní 1861 kí ìlú rẹ̀ tó fọ́. Ìwọ̀n tí a fi ń wọn Balógun ni ọ̀tá jẹ́. Ọgẹ́dẹ́ǹgbé tó kó ogun Èkìtìparapọ̀ dojú kọ Ìbàdàn, ọwọ́ Ìbàdàn ló ti kọ́ nínú iṣẹ́ ogun. Ó mọ bí wọ́n ṣe ń ronú. Àwọn ọmọ Èkìtìparapọ̀ tó wà ní Èkó sì ń fi ìbọn tuntun ránṣẹ́ sí àwọn ará ilé wọn lójú ogun, torí ìró ìbọn náà ni wọ́n ṣe ń pe ogun ọ̀hún ní Kírìjì. Ẹ jẹ́ kí Balógun yín gbọ́ ìró tí kò gbọ́ rí, kó sì béèrè lọ́wọ́ ọmọdé ohun tó ń dún.

Nígbà tí ẹ bá kọ ọ́ tán, ẹ mú báírò pupa. Ẹ fa igi lé gbogbo “ó bínú”, “ó pariwo” àti “ojú rẹ̀ pọ́n bí ẹ̀jẹ̀”. Lẹ́yìn náà, ẹ lọ sí ibi tí ó ti wọlé ní ìgbà àkọ́kọ́, kí ẹ jẹ́ kó pẹ́ ní ojú ìwé mẹ́ta sí i kó tó wọlé. Ẹ kà á sí etí ẹnì kan, kí ẹ má wo ìwé, kí ẹ máa wo ọwọ́ rẹ̀. Bí ó bá ń mú nǹkan, tó ń gbé e sílẹ̀, tó tún ń mú un, ẹ lè jẹ́ kí Balógun wọlé.