Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ máa ta wàrà ní Amẹ́ríkà, ẹ ka èyí kẹ́ ẹ tó gbé ìkòkò kaná

Mo mọ bí ọkàn ṣe máa ń fà sí wàrà níbí, pàápàá èyí tí wọ́n dín tó pupa dáadáa tí wọ́n wá bu ata lù. Tẹ́ ẹ bá máa tà á, mílíìkì lẹ máa kọ́kọ́ yanjú.

Láti 1949 ni òfin FDA, àjọ tó ń rí sí oúnjẹ àti oògùn ní Amẹ́ríkà, ti ní wàràkàṣì tí wọ́n bá fi mílíìkì tútù, ìyẹn èyí tí wọn ò fi ooru pa kòkòrò inú ẹ̀, ṣe gbọ́dọ̀ wà nípamọ́ fún ọjọ́ 60 ó kéré tán, níbi tí kò tutù ju 35°F lọ, kí wọ́n tó tà á. Wàràkàṣì líle bíi cheddar lè ṣe bẹ́ẹ̀, iyọ̀ wà nínú ẹ̀, omi ẹ̀ ò sì pọ̀. Ṣùgbọ́n wàrà tiwa tẹ́ ẹ bá ṣe láàárọ̀ òní, kò ní pẹ́ tó fi máa kan, ọjọ́ 60 wo ló fẹ́ lò? Ìyẹn ni pé mílíìkì tí wọ́n kọ pasteurized sí lára, ìyẹn èyí tí wọ́n ti fi ooru pa kòkòrò inú ẹ̀, nìkan lẹ lè lò (tí wọ́n bá kọ ultra-pasteurized, ẹ fi í sílẹ̀, kì í dì dáadáa).

Ẹnìkan á ní ṣebí a máa ń sè é náà. Òótọ́ ni, àmọ́ ohun tí òfin fẹ́ ni 145°F fún ìṣẹ́jú 30, tàbí 161°F fún ìṣẹ́jú àáyá 15, pẹ̀lú ẹ̀rọ tí ìjọba ti yẹ̀ wò tó ń kọ ooru ẹ̀ sílẹ̀, pé ẹ rí i tó hó kò tó.

Oje ewé bọ̀mùbọ̀mù tá a fi ń mú kí mílíìkì dì ńkọ́? Ẹ fi omi òroǹbó wẹ́wẹ́ tàbí fínígà rọ́pò ẹ̀, oje yẹn léwu fún ojú, ó sì ní májèlé tó ń ba ọkàn jẹ́.

Òfin tó ń jẹ́ kéèyàn ta búrẹ́dì láti kíṣìnì ilé, ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ kò kan wàrà, torí inú fíríìjì ló ń gbé. Ẹ pe Department of Agriculture (iléeṣẹ́ ètò ọ̀gbìn) ìpínlẹ̀ yín kẹ́ ẹ tó náwó sí nǹkankan, kẹ́ ẹ bèèrè láísẹ́ǹsì mílíìkì. Ẹ má sì gbé e wá láti Ìlọrin o, wàrà tó wà nínú omi ẹ̀ ò lè wọlé, kọ́sítọ́ọ̀mù máa gbà á torí àrùn ẹsẹ̀ àti ẹnu tó ń ṣe màlúù wa nílé.

Ohun tó ń kó ìdààmú bá mi jù ni lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá sè é tán. Ọwọ́ tẹ́ ẹ kì bọ omi wàrà láti mú ẹyọ kan fún kọ́sítọ́mà, omi tútù tẹ́ ẹ bù lé e kó lè pọ̀, ibẹ̀ ni kòkòrò ti ń wọlé. Kòkòrò kan tó ń jẹ́ Listeria ń dàgbà nínú fíríìjì pàápàá, tí aláboyún bá jẹ wàrà tó wà nínú ẹ̀ oyún lè bàjẹ́ lára ẹ̀. Ṣíbí tó mọ́ ni kẹ́ ẹ fi mú un, kẹ́ ẹ tọ́jú ẹ̀ ní 41°F tàbí kó tutù jù bẹ́ẹ̀, kẹ́ ẹ sì kọ ọjọ́ tẹ́ ẹ ṣe é sára ike kọ̀ọ̀kan.