Àṣẹ́kù òróró ni mo fi ṣe ọṣẹ ìfọṣọ, sódà ọjà ló fẹ́ gba èrè rẹ̀ lọ́wọ́ mi

Owó ọṣẹ ìfọṣọ ló sún mi dé ìdí iṣẹ́ yìí. Láti ìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí bẹntiróòlù lóṣù karùn-ún ọdún 2023, tí náírà sì já wálẹ̀ lóṣù tó tẹ̀ lé e, ọṣẹ ń kéré sí i, owó rẹ̀ ń ga sí i. Bẹ́ẹ̀ òróró tí a fi dín àkàrà, dòdò àti ẹja ń bẹ nílé. Ó ti dúdú, kò ṣe é jẹ mọ́, gọ́tà ni ọ̀pọ̀ ń dà á sí. Òróró yẹn ni ọṣẹ. Mo ti ṣe é, ó ń hó, ó ń bọ́ ìdọ̀tí ọrùn ẹ̀wù dáadáa, orí mi sì ń wú. Ṣùgbọ́n inú ṣì ń bí mi sí kọ́sítíìkì sódà, ìyẹn sódà líle tó ń sọ òróró di ọṣẹ, tí wọ́n tà fún mi, nítorí ibẹ̀ ni owó tí mo rò pé mo ti pa mọ́ ti fẹ́ jò dànù.

Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ti òróró, kò le. Ẹ fi aṣọ fẹ́lẹ́ sẹ́ ẹ. Ẹ da omi tó pọ̀ tó o lé e, ẹ fi iyọ̀ ṣíbí kan sí lítà omi kọ̀ọ̀kan, kí ẹ jẹ́ kó hó jẹ́jẹ́ fún bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Tó bá tutù, òróró á lé sókè, èérún àkàrà àti omi dúdú á wà nísàlẹ̀. Ẹ bu òróró náà, ẹ gbé e padà sórí iná kékeré títí tí kò fi ní ta pàrà-pàrà mọ́, torí omi tó kù nínú rẹ̀ ló ń ta bẹ́ẹ̀. Òróró ẹja, ẹ fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ òórùn ẹja ò ní kúrò lára aṣọ yín.

Ìwọ̀n ló kàn. Ọṣẹ kò mọ kọ́ńgò, kò sì mọ agolo mílíìkì. Ẹ lo òṣùwọ̀n ilé ìdáná tó lè ka gíráàmù, ẹ wọn òróró, ẹ wọn omi, ẹ wọn sódà. Òróró tó máa ń dì nísàlẹ̀ ike nígbà ọyẹ́, òróró ọ̀pẹ tí wọ́n yọ́ ni. Kílò kan rẹ̀ ń gba sódà gíráàmù 141. Èyí tí kì í dì, bí òróró sóyà tàbí òróró ẹ̀pà, ń gba nǹkan bí 136. Àdín ń gbà jù wọ́n lọ, ó tó 176. Ẹ má lo gbogbo rẹ̀ tán o. Ẹ yọ márùn-ún kúrò nínú ọgọ́rùn-ún, kí òróró díẹ̀ lè ṣẹ́ kù tí ọṣẹ ò fi ní máa bó ọwọ́. Fún kílò kan òróró ọ̀pẹ, gíráàmù 134 ni mo lò, pẹ̀lú omi gíráàmù 300.

Bí ẹ bá fẹ́ kó hó dáadáa, ẹ fi àdín dípò ìdá kan nínú mẹ́rin òróró náà. Gíráàmù 750 òróró ọ̀pẹ pẹ̀lú 250 àdín á gba 150 sódà. Tí ẹ bá yọ ti márùn-ún yẹn, ó kù 142. Omi òjò tàbí píọ̀ wọ́tà ni kí ẹ fi pò ó. Omi kànga tí ọṣẹ kì í hó nínú rẹ̀ á jẹ nínú ọṣẹ yín kó tó délé aṣọ.

Ó wá ku sódà. Kọ́sítíìkì sódà tó dára máa ń rí pẹlẹbẹ-pẹlẹbẹ, funfun, gbígbẹ, ó sì máa ń dún ṣàkà-ṣàkà nínú ike tí ẹ bá mì í. Èyí tí wọ́n wọ̀n fún mi lọ́jà ti lẹ̀ mọ́ra wọn gìrìgìrì, ara rẹ̀ ń dán bí ẹni pé wọ́n wọ́n omi sí i. Mo bi í léèrè, ẹni tó ń tà á ní bẹ́ẹ̀ náà ni sódà ṣe ń rí. Irọ́ ni! Sódà kì í rí bẹ́ẹ̀ àyàfi tí atẹ́gùn bá ti rí i. Àpò ńlá ni wọ́n tú ẹnu rẹ̀ sílẹ̀ lábẹ́ agboòrùn lásìkò òjò, tí wọ́n ń bù ú sí láílọ́ọ̀nù fẹ́lẹ́ láti àárọ̀ dalẹ́.

Ohun tí atẹ́gùn ń ṣe fún un jẹ́ méjì, méjèèjì ló sì ń jẹ owó oníbàárà. Èkíní, sódà ń fa omi inú afẹ́fẹ́ mọ́ra, omi yẹn sì wúwo. Orí òṣùwọ̀n, kílò kan ni. Nínú rẹ̀, kò pé kílò kan sódà mọ́, omi ni ẹ fi owó sódà rà. Èkejì, afẹ́fẹ́ tí à ń mí jáde wà káàkiri, sódà ń bá a pò, ó ń di sódà onírẹ̀lẹ̀ tí agbára rẹ̀ ò ká òróró láti sọ ọ́ di ọṣẹ. Bó ti wù kí ẹ rò ó pẹ́ tó, kò ní ṣiṣẹ́.

Ẹ wo ìṣirò rẹ̀. Tí ìdá kan nínú márùn-ún sódà náà bá ti di omi, gíráàmù 134 tí ẹ wọ̀n kò ju 107 lọ. Òróró ọ̀pẹ kílò kan ń gba 141. Ó túmọ̀ sí pé bí ìdá mẹ́rin òróró, ọ̀kan ò ní di ọṣẹ rárá. Á máa yọ̀ lójú ọṣẹ, á máa lẹ̀ mọ́ ọwọ́, á sì fi àbàwọ́n òróró sára aṣọ funfun tí ẹ fẹ́ fọ̀. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ọṣẹ mi gan-an nìyẹn: ó rọ̀ nínú ike, orí rẹ̀ lómi òróró, kò le títí. Ẹni tí ò mọ̀ á dá òróró lẹ́bi, á ní òróró dídín ò lè ṣe ọṣẹ. Òróró ò jẹ̀bi.

Ọ̀nà méjì ni mo fi ń dán sódà wò báyìí kí n tó ra púpọ̀. Ẹ ra díẹ̀, ẹ wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà. Ẹ fi gíráàmù 10 sínú omi gíráàmù 50 nínú ife ike tó nípọn, ẹ rò ó. Èyí tó dára á gbóná kọjá 60 dígírì, ọwọ́ ò ní lè di ife náà mú. Èyí tó ti bàjẹ́ á kàn lọ́ wọ́ọ́wọ́. Tó bá ti tutù, ẹ fún ọsàn wẹ́wẹ́ sínú ṣíbí, kí ẹ kán omi sódà náà lé omi ọsàn. Tó bá hó ṣùù, sódà onírẹ̀lẹ̀ ti pọ̀ nínú rẹ̀, ẹ fi sílẹ̀ fún ẹni tó ni ín. Ẹ kíyè sí i o: omi sódà ni ẹ ń kán sínú omi ọsàn. Tó bá jẹ́ pé omi ọsàn ni ẹ kán sínú omi sódà, sódà líle tó kù á kọ́kọ́ pa á, ẹ ò sì ní rí híhó kankan bó tilẹ̀ ti bàjẹ́.

Mo tún fẹ́ kí ẹ yẹra fún ìkòkò alumíníọ̀mù pátápátá. Sódà ń jẹ ẹ́, á máa ru gáàsì tó lè gbiná, ìkòkò á lu. Ike tó nípọn, abọ́ tánganran tí kò bó, tàbí irin tí kì í dípẹtà ni kí ẹ lò. Sódà ni ẹ ń dà sínú omi, ẹ ò gbọdọ̀ da omi lé sódà, torí á ta sókè sójú yín. Ìta gbangba ni kí ẹ ti ṣe é, kí ọmọdé jìnnà. Tó bá kán sí yín lára, omi tó ń ṣàn ni kí ẹ fi ṣan ibẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Tó bá jẹ́ ojú, ẹ máa ṣan án lọ, kí ẹ sì gba ilé ìwòsàn lọ.

Pípò rẹ̀, ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n: kí omi sódà àti òróró lọ́ wọ́ọ́wọ́, nǹkan bí 40 dígírì, ẹ da sódà sínú òróró díẹ̀díẹ̀, ẹ rò títí ojú ọ̀nà ṣíbí fi hàn lórí rẹ̀. Òróró tí a ti fi dín nǹkan máa ń yára dì ju tuntun lọ. Páálí wàrà tàbí páálí ìndòmì ni mo ń dà á sí kó lè dì, mo ń tẹ́ láílọ́ọ̀nù píọ̀ wọ́tà tí mo ti là sí i nínú. Ọjọ́ kejì ni mo ń gé e, tó bá ti le tó ọ̀bẹ.

Ọṣẹ tó rọ̀ yẹn, ẹ má dà á nù. Ẹ gé e wẹ́wẹ́ sínú abọ́ tánganran, ẹ fi omi díẹ̀ sí i, ẹ gbé e sórí iná kékeré kó yọ́. Ẹ fi gíráàmù 10 sódà tó dára sínú omi gíráàmù 30, ẹ dà á sí i, ẹ rò ó fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Ẹ bu bí ẹ̀wà kan, ẹ fi sínú omi gbígbóná tó mọ́. Bí òróró bá ṣì lé sókè, ẹ tún ṣe bẹ́ẹ̀. Bí kò bá sí òróró lójú omi mọ́, ẹ dúró níbẹ̀. Ti tèmi gbà mí lákòókò, ó sì jẹ gáàsì tí mi ò wéwèé fún, ìyẹn ló ṣì ń dùn mí. Tó bá ti tutù, ẹ fi ìka tí ẹ ti bọ omi kan ọṣẹ, kí ẹ fi kan ahọ́n. Tó bá ta yín gan-an, sódà ti pọ̀ jù, ẹ padà yọ́ ọ pẹ̀lú òróró díẹ̀.

Ẹ tò ó sórí ibi tí afẹ́fẹ́ ń gbà, ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ni kó lò kí ẹ tó fọwọ́ kàn án fún ìfọṣọ. Ìyẹ̀fun funfun tó bá yọ lójú rẹ̀ kò ṣe nǹkan kan, ẹ ha á dànù. Kílò kan òróró á fún yín ní ọṣẹ bí i kílò kan àti díẹ̀ lẹ́yìn gbígbẹ. Sódà tó kù, ẹ má fi sí láílọ́ọ̀nù ọjà. Ike tó nípọn tó ní ìdérí tó dì mọ́ra gan-an ni kí ẹ kó o sí, kí ẹ kọ ohun tó wà nínú rẹ̀ sí i lára, kí ó sì wà níbi tí ọwọ́ ọmọdé ò dé. Èérún ọṣẹ tí ẹ bá ha, gíráàmù 100 nínú lítà kan omi gbígbóná, á dì rọ̀dọ̀rọ̀dọ̀ di òwúrọ̀, ṣíbí kan rẹ̀ tó fọ àwo alẹ́.