Iná Bíréèkì Tí Kì Í Kú: Ìdí Pẹ́dà Ni Kí Ẹ Kọ́kọ́ Wò

Riwáyà ni mí ní Àpò, l'Ábújá níbí. Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n ti bí mi. Ọkọ oníná ti ń wọ ọgbà àwọn mẹkáníìkì wa díẹ̀díẹ̀, Leaf tòkunbọ̀, ọkọ oníná Nissan, ni mo ń rí jù. Ohun tó ń bí mi nínú ni pé tí iná bíréèkì irú ọkọ bẹ́ẹ̀ bá ti kọ̀ tí kò kú, sikánà, ẹ̀rọ tó ń ka àṣìṣe inú kọ̀ǹpútà ọkọ, ni àwọn ọmọ iṣẹ́ á sáré lọ gbé. Ẹ gbé sikánà sílẹ̀ ná. Ẹ bẹ̀rẹ̀, ẹ wo ilẹ̀ ọkọ lábẹ́ pẹ́dà bíréèkì. Tí ẹ bá rí èérún ike lórí kápẹ́ẹ̀tì, ọ̀rọ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán.

Ẹ kọ́kọ́ mọ̀ bóyá ọkọ ń ṣàìsàn lóòótọ́. Bí ẹ bá gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí tọ́rọ́tù ọkọ oníná, mọ́tò rẹ̀ á máa fa eré sẹ́yìn, á sì máa dá iná padà sínú bátìrì. Òfin Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ni pé bí eré bá ń dín kù ju 1.3 m/s² lọ lọ́nà yìí, iná bíréèkì gbọ́dọ̀ tàn, bí ẹ ò tilẹ̀ fọwọ́ kan pẹ́dà. Leaf tó ní e-Pedal, pẹ́dà kan ṣoṣo tó ń sáré tó sì ń dín eré kù, ń ṣe bẹ́ẹ̀. Tí Auto Hold, èyí tó ń di bíréèkì mú fúnra rẹ̀ bí ọkọ bá dúró, bá sì di ọkọ mú nínú gósílóò ní Berger, iná ẹ̀yìn á wà ní títàn. Kò sí àìsàn kankan níbẹ̀. Ẹ pa ọkọ, ẹ tì í, ẹ dúró fún ìṣẹ́jú márùn-ún, kí ẹ wá lọ wo ẹ̀yìn rẹ̀. Tó bá ṣì ń tàn, ẹ ká apá ṣẹ́ẹ̀tì.

Alhaji kan ní Gwarinpa jí láàárọ̀, ọkọ ò ṣílẹ̀kùn, kò sì gba ṣájì. Wọ́n ti ní bátìrì ńlá ti kú, kí ó lọ wá mílíọ̀nù. Irọ́ ni! Bátìrì kékeré, ti 12 fóòtì, ló gbẹ, torí iná bíréèkì tó tàn mọ́jú. Búlọ́ọ̀bù bíréèkì méjì, wáàtì 21 ọ̀kọ̀ọ̀kan, ń fa bí ámúpù 3.5. Ní wákàtí 12, ó ti jẹ ámúpù-wákàtí 42. Mélòó ni bátìrì kékeré tiẹ̀ ní? Tó bá sì ti gbẹ, kò sí ohun tó máa so bátìrì ńlá pọ̀ mọ́ ọkọ, ìbáà kún dẹ́nu. Ẹ kọ́kọ́ fi mítà wò ó: 12.6 fóòtì ló kún, tó bá ti wálẹ̀ sí 12, ẹ wá ṣájì fún un.

Ẹ fi ọkọ sí P, kí ẹ pa á pátápátá. Ọkọ oníná kì í pariwo. Ẹni tó bá wà lábẹ́ pẹ́dà nígbà tí READY, àmì pé ọkọ ti ṣetán láti rìn, ṣì ń tàn ń wá wàhálà. Wáyà aláwọ̀ ọsàn, ẹ má sún mọ́ ọn, iná rẹ̀ ju 300 fóòtì lọ, iṣẹ́ yìí ò sì kàn án.

Lókè apá pẹ́dà ni súìsì wà, ó ní ọmọ ike kan tó ń yọrí. Bí pẹ́dà bá wà lókè, rọ́bà tàbí ike kékeré kan lára apá rẹ̀ á ti ọmọ náà wọlé, iná á kú. Bí ẹ bá tẹ pẹ́dà, ọmọ náà á jáde, iná á tàn. Oòrùn Ábújá ló ń yan ike yẹn nínú ọkọ tí wọ́n tì pa. Ní ọjọ́ kan á fọ́, ọmọ súìsì á sì gba ihò rẹ̀ yọ síta. Ẹ fi ìka ti ọmọ náà wọlé: tí iná bá kú, súìsì dára, ike ni ẹ máa rà.

Ní Zuba tí ẹ ti máa ra páàtì, ẹ má kàn ní "ti Leaf", wọ́n á ní kò sí. Ẹ ya fọ́tò ihò náà, ẹ mú èérún ike dání. Ti ọkọ bẹntiróòlù ilé iṣẹ́ kan náà sábà máa ń bá a mu. Ẹ tì í sínú ihò títí ẹ ó fi gbọ́ kọ́!

Tí ìka kò bá pa iná, ẹ yọ pùlọ́ọ̀gì súìsì. Bí iná bá kú, ẹ pààrọ̀ súìsì: ẹ yí i díẹ̀ kó tú, ẹ fi tuntun, ẹ fọwọ́ gbé pẹ́dà sókè pátápátá, ẹ tì í kan rọ́bà, kí ẹ wá yí i dè. Lẹ́yìn tí ẹ bá yí i dè, àlàfo bíi mílímítà kan ló yẹ kó kù láàárín ara súìsì àti rọ́bà. Bí kò bá kú, ẹ wo wáyà tó ti bó, àti búlọ́ọ̀bù. Èyí tó bá ń tàn nígbà tí ẹ tan iná alẹ́ nìkan, búlọ́ọ̀bù onírun méjì (wáyà tín-ín-rín méjì tó ń tàn nínú rẹ̀) tàbí wáyà ẹ́ẹ̀tì tó so mọ́ ara ọkọ ni. Àfi lẹ́yìn èyí ni sikánà wúlò, torí àwọn ọkọ kan ń tan iná náà fúnra wọn bí kọ̀ǹpútà ò bá gbúròó súìsì.

Tí ilẹ̀ bá ṣú kí ẹ tó rí ike, ẹ fi bóòtì orí pẹlẹbẹ àti nọ́ọ̀tì dí ihò náà, kí orí rẹ̀ kọjú sí súìsì. Ẹ fún un dáadáa, nítorí bóòtì tó bá já bọ́ lè lọ há sábẹ́ pẹ́dà. Ó máa gbé yín dé Kubwa. Ẹ yọ ọ́ lọ́jọ́ kejì.