Bí mo ṣe sọ ẹ̀yìnkùlé wa di Naxos, àti ohun tí ògiri fi ojú mi rí

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ti owó tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfurufú lọ sí Naxos, erékùṣù kan ní Greece, torí ó ṣì ń dùn mí. Pọ́n-ùn 438 ni mo san fún èmi àti Bàbá Ṣọlá, irú tíkẹ́ẹ̀tì tí wọn kì í dá owó rẹ̀ padà. Òun ló dínwó jù, èmi ọlọ́gbọ́n sì sáré rà á.

Bàbá Ṣọlá fẹ́ pé ẹni 50 ọdún lóṣù Keje. Láti ìgbà tí a ti lọ sí Naxos ní 2018 ló ti ń sọ pé ibẹ̀ lòun ti máa ṣe ọjọ́ ìbí náà. Nígbà yẹn, Britain ò tíì kúrò nínú EU, àjọ orílẹ̀-èdè Yúróòpù tí Greece wà nínú rẹ̀, ọmọ Britain sì ni ọkọ mi, ọ̀fẹ́ ni wọ́n fún mi ní físà gẹ́gẹ́ bí ìyàwó rẹ̀. Ní báyìí, Yúrò 90 ni, bí èèyàn bá tiẹ̀ rí ibi san án. Èmi ò rí ọjọ́ gbà rárá. Aago méjìlá òru, aago márùn-ún ìdájí, mo wà nídìí kọ̀ǹpútà bí ọdẹ tó lúgọ de ẹtu. Nígbà tí àyè kan máa yọ, ó ti fi ọjọ́ mẹ́sàn-án kọjá ọjọ́ ìbí.

Mo sunkún díẹ̀. Mo wá jáde sí ẹ̀yìnkùlé wa ní Peckham, ní London. Ògiri bíríkì kan wà níbẹ̀, pèpéle olókùúta, àti kẹ̀kẹ́ ọmọdé kan tó ti dípẹtà. Mo ní kò burú, ibí yìí náà la ó ti ṣe é.

Ti tábìlì, àga àti iná wẹẹrẹ tí a so kọ́ òkè, mi ò ní fi ìyẹn pa yín lára. Ilé oúnjẹ kan fún mi ní agolo òróró ólífì márùn-ún tó ti ṣófo, mo lu ìdí wọn, mo gbin òdòdó geranium sí mẹ́rin nínú wọn, bí wọ́n ṣe máa ń ṣe ní erékùṣù. Ìkòkò basil ni wọ́n máa ń gbé sẹ́nu ọ̀nà níbẹ̀, ìbátan ẹfinrin sì ni. Ẹfinrin gan-an ni mo gbìn sínú ìkarùn-ún. Òórùn tiwa le ju tiwọn lọ, kì í ṣe pé mo ń gbè sẹ́yìn ara wa.

Ó wá ku ògiri.

Ẹni tó bá ti dé àwọn erékùṣù yẹn mọ̀ pé funfun ilé wọn kì í dán. Ó máa ń gba oòrùn sára bí aṣọ tó gbẹ ni. Ọ̀dà ìgbàlódé kò lè ṣe é, yóò kàn dà bí ògiri ilé ìwòsàn. Ẹfun ni wọ́n ń lò, èyí tí wọ́n sun láti ara òkúta, tí wọ́n rẹ sínú omi, asvésti lorúkọ rẹ̀ lẹ́nu wọn. Kí Àjíǹde tó dé ni wọ́n máa ń tún un kùn, wọn a sì tún fi fa ìlà sáàárín òkúta ojú ọ̀nà. Mo ra garawa kan. Nígbà tí mo sọ fún ìyá mi lórí fóònù, ó pariwo.

"Ẹfun? Ẹfun tí bàbá rẹ ní kò gbọdọ̀ kan ilé òun mọ́ nígbà tó rówó ra ọ̀dà? Òun lo wá fi owó òyìnbó rà?"

Mo ní, "Ẹ má bínú, Màmá. Òun ló wà lóde báyìí."

Mo kun ògiri náà nírọ̀lẹ́ ọjọ́ Sátidé. Ó rẹwà débi pé mo ya fọ́tò, mo fi ránṣẹ́ sí gbogbo ayé. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó ti ń ṣí bí ìpẹ́ ẹja. Mo fi ọwọ́ kàn án, odindi abala kan já bọ́ sórí bàtà mi. Mo padà sọ́dọ̀ ẹni tó tà á fún mi, ó ní mi ò fi omi rin ògiri tó kí n tó kùn ún. Mo rin ín, mo tún kùn ún. Ó tún ṣí. Mo tún ra garawa kejì, torí mo rò pé àkọ́kọ́ ti bàjẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni, garawa kejì! Ó tún ṣí. Ẹfun yìí tún ta sí mi lọ́rùn ọwọ́ níbi tí ìbọ̀wọ́ pin sí, ó bó mi lára bí ìgbà tí epo gbígbóná bá ta síni. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́ gígùn, ẹ sì bo ojú, kò ṣeé fi ṣeré.

Níbi tí mo ti lọ ra wàràkàṣì ní Green Lanes, òpópónà kan ní London, ni mo ti rí ìdáhùn. Bàbá arúgbó kan láti Cyprus ló ni ṣọ́ọ̀bù náà. Mo ń ráhùn lásán ni, ó bi mí pé, "Kí ló wà lára ògiri náà tẹ́lẹ̀?" Mo ní bíríkì. Ó ní kí n lọ da omi sí i, kí n wò ó bóyá yóò mu ún.

Mo délé, mo da ife omi kan sí i. Omi náà ń yí bọ́ bí omi orí ewé kókò.

Ẹni tó gbé ilé yìí kí a tó dé ti fi ọ̀dà onírọ́bà tó ní àwọ̀ bíríkì kun gbogbo ògiri náà! Ọdún mẹ́fà la ti ń wò ó, a ò mọ̀. Kò sí ibi tí ẹfun fẹ́ dì mọ́. Ife omi kan ni ì bá ti gbà mí ní pọ́n-ùn 70 àti ọ̀sẹ̀ méjì. Ọjọ́ mẹ́rin ni èmi àti Ṣọlá fi họ ọ́, pẹ̀lú oògùn abóọ̀dà àti búrọ́ọ̀ṣì onírin. Ṣọlá ní òun ò lọ sí Naxos mọ́ láé.

Ṣùgbọ́n nígbà tí bíríkì gidi jáde, ọ̀rọ̀ yí padà. Mo po ẹfun náà kó ṣàn bí ògì tí a ò tíì sè, mo sì jẹ́ kí oòrùn rọlẹ̀ kí n tó bẹ̀rẹ̀, kó má bàa yára gbẹ. Tó bá ṣì tutù, àfi bíi pé omi lásán lèèyàn fi pa ògiri. Bó ṣe ń gbẹ ló ń funfun, díẹ̀díẹ̀, bí ìgbà tí ilẹ̀ bá ń mọ́. Ẹ̀ẹ̀marùn-ún ni mo kùn ún. Mi ò rí ògiri tó tó o ní gbogbo àdúgbò wa, kí ẹnikẹ́ni wá jiyàn.

Ti ilẹ̀kùn kò le rárá. Búlúù tí wọ́n ń fi sómi aṣọ funfun ni wọ́n máa ń pò mọ́ ẹfun níbẹ̀, loulaki ni wọ́n ń pè é. Búlúù tí ìyá mi fi ń fọ aṣọ ilé ìwé wa náà ni! Ilẹ̀kùn kì í mu ẹfun, ibi ògiri tó yí i ká ni mo fi kùn.

Oúnjẹ ò gba wàhálà. Ẹ ṣáà ra feta gidi, wàràkàṣì àwọn ará Greece tí wọ́n fi wàrà àgùntàn ṣe, kí ẹ má ra ayédèrú oníwàrà màlúù tó kún ọjà. Ẹ gbé e lódindi lé orí tòmátò àti kùkúḿbà, ewé lẹ́tíọ̀sì kì í sí níbẹ̀. Mo yan ẹja, mo fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí i. Bàbá Ṣọlá jẹ ẹ́, ó ní ó dùn, ó wá bèèrè ata.

Nígbà tó di alẹ́, ó fi ẹ̀yìn ti ògiri, ó di ojú, ó ní òun ń gbọ́ òkun. Kóòtù dúdú ló wọ̀. Ẹfun a máa kù síni lára, mo mọ̀, mo kàn gbàgbé láti sọ fún un. Nígbà tó dìde láti sin ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ sí ibùdókọ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ ti funfun láti èjìká dé ìdí. Mo rí i. Mo rántí bó ṣe ń ṣe yẹ̀yẹ́ mi lọ́jọ́ tí garawa kejì dé, mo sì jẹ́ kó máa lọ.