Bí A Ṣe Ń Yan Iná Fún Táǹkì Iyùn Òkun, Bí A Sì Ṣe Ń Gbé E Kọ́ Tí Kò Fi Ní Pa Iyùn

Púpọ̀ nínú iyùn tí mo rí tó bàjẹ́ nínú táǹkì ilé, kì í ṣe òkùnkùn ló bà á jẹ́. Iná tó pọ̀ jù tó sì dé lójijì ni. Èèyàn á ra iná olówó gọbọi, á gbé e kọ́, á yí i dé góńgó lọ́jọ́ tó gbé e délé, omi á máa dán yanranyanran. Láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, iyùn á ti funfun báláú. Ìdí nìyẹn tí mo fi máa pẹ́ lórí bí iná ṣe ń mọ́ iyùn lára ju bí a ṣe ń rà á lọ.

Ẹranko ni iyùn. Àmọ́ nínú ẹran ara ọ̀pọ̀ èyí tí à ń sìn nílé, ewéko tíntìntín kan ń gbé ibẹ̀ tí wọ́n ń pè ní zooxanthellae. Ewéko yìí ló ń fi ìmọ́lẹ̀ ṣe oúnjẹ, iyùn ló sì ń jẹ èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀. Bí ìmọ́lẹ̀ bá ti ju agbára ewéko náà lọ, á bẹ̀rẹ̀ sí í tú ohun tó ń ṣe ẹran ara iyùn léṣe jáde, iyùn á sì lé e síta. Funfun tí ẹ wá rí yẹn, egungun iyùn ló ń hàn láti abẹ́ ẹran ara tí kò ní àwọ̀ mọ́.

Iná wo ni kí ẹ rà?

Ẹ kọ́kọ́ mọ iyùn tí ẹ fẹ́ sìn. Ìwọ̀n tí a ń lò ni PAR, ìyẹn ìmọ́lẹ̀ tí ewéko lè fi ṣe oúnjẹ, láti 400 dé 700 nánómítà. Discosoma, Zoanthus àti àwọn iyùn rírọ̀ máa ń ṣe dáadáa láàárín PAR 50 sí 150. Euphyllia náà ò jìnnà síbẹ̀. Acropora, iyùn líle tó máa ń ya ẹ̀ka, ló ń béèrè 200 sí 350. Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, kó fi Acropora sílẹ̀ ná.

Ẹ má wo wọ́ọ̀tì ra iná, ẹ má sì wo lúmẹ́ẹ̀nì. Ojú èèyàn ni wọ́n fi ṣe òṣùwọ̀n lúmẹ́ẹ̀nì, àwọ̀ ewé lojú wa sì ń rí jù. Ewéko inú iyùn ní tirẹ̀, iná búlúù ló mọ̀ ọ́n lò jù, nítorí pé nínú òkun, omi máa ń gbé pupa mì láàárín mítà díẹ̀, búlúù ló ń wọlé jìnnà. Torí náà, iná tí gílóòbù búlúù rẹ̀ pọ̀ láàárín 420 sí 480 nánómítà ni kí ẹ wá. Gílóòbù tí à ń tàn sí yàrá kò lè ṣe iṣẹ́ yìí, bó ti wù kó mọ́lẹ̀ tó.

LED ni mo máa ń lò, èyí tí búlúù àti funfun rẹ̀ ní bọ́tìnnì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ẹ ò nílò èyí tí ń bá fóònù sọ̀rọ̀. LED onígun mẹ́rin tí kò gbówó lórí, tó ní bọ́tìnnì méjì péré, ti tọ́ iyùn tó rẹwà dàgbà fún ọ̀pọ̀ èèyàn. T5, ìyẹn iná ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ (fluorescent), náà dára, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ máa ń tàn kálẹ̀ dọ́gba tí òjìji kì í fi í pọ̀, àmọ́ ẹ máa pààrọ̀ gílóòbù rẹ̀ lẹ́yìn oṣù 9 sí 12. Metal halide, gílóòbù alágbára tó máa ń gbóná gan-an, máa ń mú omi gbóná, ó sì ń jẹ iná púpọ̀. Mi ò ní gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn láti fi bẹ̀rẹ̀.

Gbígbé e kọ́

Wáyà tó ṣeé fà sókè sódò ni kí ẹ fi so ó rọ̀, ẹ má lo ẹsẹ̀ irin tó le gbagidi. Ẹ fi àlàfo 20 sí 30 sẹ̀ǹtímítà sáàárín iná àti ojú omi. Bó bá ga sí i, ìmọ́lẹ̀ á fẹ̀, agbára rẹ̀ á sì dín kù. LED kan sábà máa ń tó fún ibi tó fẹ̀ tó 60 sẹ̀ǹtímítà ní gbogbo ẹ̀gbẹ́. Táǹkì tó bá gùn ju bẹ́ẹ̀ lọ, méjì ló ń fẹ́. Ẹ sún un síwájú díẹ̀, kí ojú iyùn tí ẹ ń wò náà lè rí iná gbà, kó má jẹ́ orí rẹ̀ nìkan.

Ẹ jẹ́ kí wáyà iná wá sí ìsàlẹ̀ ju sọ́kẹ́ẹ̀tì lọ kó tó gòkè lọ bá a, kí omi tó bá ń sàn lórí wáyà lè kán sílẹ̀ níbi tó rọ̀ sí. Lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, ẹ pa iná, kó tutù, kí ẹ fi aṣọ rírọ̀ àti omi tí kò ní iyọ̀ nu ojú rẹ̀. Iyọ̀ tó bá gbẹ mọ́ ọn máa ń dí ìmọ́lẹ̀.

Mítà PAR wọ́n, àmọ́ ẹ lè yá a lọ́wọ́ ẹni tó ń ta ẹja tàbí ẹlòmíràn tó ń sin iyùn. Ẹ gbé e sí orí òkúta, sórí yanrìn, sí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kí ẹ sì kọ nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan sórí ìwé tí ẹ ya táǹkì sí. Igun lè má ní ìdajì ohun tó wà láàárín. Áàpù tó ń wọn ìmọ́lẹ̀ lórí fóònù kò ṣeé gbára lé lábẹ́ iná búlúù.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń bà á jẹ́

Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Iná tuntun, ìpín 30 nínú 100 ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Ẹ máa fi ìpín 5 kún un lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, títí tí PAR á fi dé ibi tí iyùn yín ń fẹ́. Bó bá ti débẹ̀, ẹ dúró, kódà bí bọ́tìnnì ò bá tíì dé ìdajì. Kò sí ohun tó ní kí ẹ lo gbogbo agbára tí ẹ rà.

Iyùn tuntun, orí yanrìn ló ń gbé fún ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, lápá ibi tí iná ò ti le. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ máa gbé e gòkè díẹ̀díẹ̀. Ẹ má ṣe gbé iyùn gòkè kí ẹ tún fi kún iná lọ́sẹ̀ kan náà, torí bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀, ẹ ò ní mọ èyí tó fà á. Bí iná yín ò bá ṣeé dín kù, ẹ gé nẹ́ẹ̀tì fèrèsé, ẹ tẹ́ ẹ sí ìpele mẹ́ta lórí táǹkì, kí ẹ máa yọ ìpele kan lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀.

Táímà ni kó máa tan iná, kì í ṣe ọwọ́ yín. Wákàtí 9 tó lójúmọ́, ti àárọ̀ tó ń mọ́ díẹ̀díẹ̀ àti ti ìrọ̀lẹ́ tó ń rẹ̀ wá sílẹ̀ wà nínú rẹ̀. Ẹ má fi wákàtí kún un torí pé iná ò lágbára tó. Ewéko tó ń bo gíláàsì ló máa jèrè rẹ̀.

Ẹ máa wo iyùn láàárọ̀ kí iná tó tàn, kí ẹ tún wò ó ní ọ̀sán. Bí ṣóńṣó orí rẹ̀ bá ń funfun, tí abẹ́ rẹ̀ tí òjìji bò ṣì ní àwọ̀, iná ni. Bí funfun bá bẹ̀rẹ̀ láti ìdí tó ń gòkè, ẹ lọ yẹ omi wò. Bó bá ń dà bíi kọfí, ó lè jẹ́ pé iná kéré tàbí pé ìdọ̀tí oúnjẹ pọ̀ nínú omi. Bó bá ń na ọrùn gùn sókè, iná ló ń wá.

Iyùn tó ti funfun, tí ẹran ara rẹ̀ ṣì wà, tó ṣì ń là, kò tíì kú. Ẹ gbé e sí ibòji lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ sì fi sílẹ̀ níbẹ̀. Gbígbé e káàkiri ló sábà máa ń parí rẹ̀. Ó lè gba oṣù mélòó kan kí àwọ̀ tó padà.

Ẹ̀yin tó ń lo T5, ọjọ́ tí ẹ bá pààrọ̀ gílóòbù, iná tuntun lẹ gbé wọlé yẹn, torí gílóòbù àtijọ́ ti rẹ̀ kí ẹ tó yọ ọ́. Ọ̀kan lọ́sẹ̀ méjì-méjì ni kí ẹ máa pààrọ̀, má pààrọ̀ gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, kí ẹ sì fa iná sókè díẹ̀ títí iyùn á fi gbà á.