Fólítì Kan Péré: Bí Mo Ṣe Ya Ampilifáyà 60 GHz Sórí Ṣíìpù CMOS

Fólítì kan. Gbogbo iná tí tiransísítọ̀ CMOS 65 nm (irú èyí tí wọ́n fi ń ṣe ṣíìpù kọ̀ǹpútà) lè gbà nìyẹn, torí awọ tó wà lábẹ́ gate rẹ̀, ẹnu tí àmì ń gbà wọlé, fẹ́lẹ́ gan-an, iná tó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ á pa á bó pẹ́ bó yá. Iṣẹ́ tí ọ̀gá mi sì gbé fún mi nígbà tí mò ń kàwé gboyè kejì ni pé kí n ya ampilifáyà, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń sọ àmì di ńlá, tí yóò gbé ó kéré tán mìlíwáàtì 30 jáde ní 60 GHz (ìgbì tó ń mì ní ìgbà bílíọ̀nù 60 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan), níbi tí Wi-Fi 802.11ad tó jáde ní 2012 ti ń ṣiṣẹ́.

Bébà ni mo kọ́kọ́ mú. Bí tiransísítọ̀ kan bá ń mi fólítì kan sókè sódò lórí óòmù 50 tí antẹ́nà ń béèrè, mìlíwáàtì 10 péré ni. Bí méjì bá jọ ń ṣe é, tí ọ̀kan ń tì tí èkejì ń fà, fólítì á di méjì, agbára á sì di 40. Àmọ́ tiransísítọ̀ kì í jẹ́ kí iná drain rẹ̀, ẹnu tí àmì ń gbà jáde, wálẹ̀ dé òdo. Nínú fólítì kan yẹn, bíi 0.7 ló ṣeé lò, ìyẹn ló sọ 40 di 20. Mo wá so irú méjì-méjì bẹ́ẹ̀ pọ̀ lọ́nà méjì, mo fi tiransifọ́mà kékeré tí wọ́n fi irin òkè ṣíìpù yí kó fólítì wọn jọ. Ìṣirò fún mi ní 78. Kódà bí tiransifọ́mà bá jẹ ìdá kan nínú márùn-ún rẹ̀, ó ṣì tó mi.

Ìṣòro kejì wà nínú tiransísítọ̀ fúnra rẹ̀. Díẹ̀ nínú ohun tó jáde ní drain ń jò padà sí gate, ní 60 GHz jíjò yẹn sì pọ̀. Oògùn rẹ̀ ni kéèyàn fi kapásítọ̀ so drain ọ̀kan mọ́ gate èkejì, ní àgbélébùú. Bí ọ̀kan ṣe ń gòkè ni èkejì ń sọ̀ kalẹ̀, nítorí náà ohun tí kapásítọ̀ náà gbé wá á pa èyí tó jò rẹ́. Mo fẹ́ràn ọgbọ́n yìí púpọ̀.

Kọ̀ǹpútà ní gbogbo rẹ̀ dára. Ìgbà tí mo wá ya irin àti wáyà rẹ̀ gan-an, òkè rẹ̀, ìyẹn ibi tó ti lágbára jù, ṣí kúrò ní 60, ó lọ jókòó sí 54 GHz. Iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ bẹ́ẹ̀, ó sì dùn mí. Nínú ṣíìpù, ìgbì yìí ò gùn ju bíi mìlímítà 2.5 lọ, nítorí náà wáyà kúkúrú tó gun láti ara tiransísítọ̀ dé irin òkè kì í ṣe wáyà lásán mọ́: òun náà jẹ́ ara ampilifáyà. Mo yí iṣẹ́ padà. Mo kọ́kọ́ ya tiransísítọ̀, wáyà rẹ̀ àti kapásítọ̀ àgbélébùú pọ̀ bí ẹyọ kan, mo jẹ́ kí kọ̀ǹpútà wọn ohun tí irin wọn fi kún un, lẹ́yìn náà ni mo tó yí tiransifọ́mà tó bá a mu. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe irú iṣẹ́ yìí, ibẹ̀ ni kó ti bẹ̀rẹ̀.

Ó ku ọjọ́ díẹ̀ ká fi í ránṣẹ́ sílé iṣẹ́ tó ń tẹ ṣíìpù, ọ̀gá mi bi mí bóyá mo ti wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ bí ẹgbẹ́ méjèèjì bá jọ gòkè lẹ́ẹ̀kan náà. N ò tíì wò ó. Nígbà yẹn, kapásítọ̀ àgbélébùú kì í pa jíjò rẹ́ mọ́, ṣe ló ń kún un, ampilifáyà á wá máa hu fúnra rẹ̀ bíi ti ṣọ́ọ̀ṣì nígbà tí máìkì bá sún mọ́ sípíkà. Rẹsísítọ̀ kékeré kan ní àárín tiransifọ́mà ìwọlé ló yanjú rẹ̀. Àmì tó ń lọ ní tì-kí-n-fà kì í rí i rárá, èyí tó bá jọ gòkè nìkan ló ń kọsẹ̀ níbẹ̀.

Nígbà tí ṣíìpù dé, a gbé e sábẹ́ maikirosikóòpù, a fi abẹ́rẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta kàn án, ẹsẹ̀ kan sí èkejì jẹ́ máíkírọ́ọ̀nù 100. Odindi àárọ̀ la fi tún ẹ̀rọ ìwọ̀n ṣe kó má baà purọ́. Kò hu. Mìlíwáàtì 42 ló gbé jáde. Àmọ́ 58 GHz ni òkè rẹ̀ wà, mo sì ti padà sídìí tiransifọ́mà ìjáde láti wá GHz méjì tó kù.