Ẹ̀yin Tẹ́ Ẹ Ṣẹ̀ṣẹ̀ Ń Fọ Ọkọ̀ Spọ́ọ̀tì, Ẹ Yé Fi Agbára Fọ Kọ̀rọ̀

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọmọkùnrin kan gbé Porsche Boxster wá bá mi ní Táńkẹ̀, nílùú Ìlọrin. Ó ti ra búrọ́ọ̀ṣì mẹ́rìndínlógún, ọṣẹ olówó ńlá, àti tọ́ọ̀ṣì tí wọ́n ń dè mórí. Mo wo ihò AC rẹ̀: eruku ọyẹ́ ṣì jókòó síbẹ̀ bí èlùbọ́. Inú bí mi ni mo ṣe ń kọ èyí.

Èkíní: ẹ yé da omi tútù sí rímù gbígbóná. Ẹni tó sáré dé láti Ògbómọ̀ṣọ́, ẹ jẹ́ kí bíréèkì rẹ̀ tutù ná.

Èkejì: ọṣẹ ìfọṣọ. Rárá o.

Ẹ̀kẹta: ásíìdì tí wọ́n fi ń fọ ilé ìwẹ̀ kọ́ ni wọ́n fi ń fọ ẹ̀yìn rímù. Eruku dúdú ibẹ̀, ara páàdì bíréèkì ló ti ń já bọ́. Ọṣẹ tí kò le àti búrọ́ọ̀ṣì ọlọ́wọ́ gígùn tó o. Tó bá jẹ́ búrọ́ọ̀ṣì àwọn akunlé lẹ ń lò, ẹ fi téèpù wé irin ọrùn rẹ̀, kó má baà ha ara ọkọ̀.

Èyí tó wá ń dùn mí jù ni ti ihò omi. Boxster àkọ́kọ́, èyí tí wọ́n ń pè ní 986, tí wọ́n ṣe láti 1996 sí 2004, òrùlé rẹ̀ ń ṣí. Níbi tí òrùlé ń ká sí, lẹ́yìn ìjókòó, ihò kékeré wà lọ́tùn-ún lósì tí òjò ń gbà jáde. Ewé dongoyaro á já síbẹ̀, erùpẹ̀ pupa wa á pò ó, ó di ẹrẹ̀. Ẹ̀yin á wá gbé ẹ̀rọ tó ń tu omi tagbáratagbára dé. Ibo lẹ fẹ́ kómi gbà? Abẹ́ kápẹ́ẹ̀tì ló ń lọ, àpótí tó ń dá kọ́kọ́rọ́ mọ̀ sì wà lábẹ́ ìjókòó níbẹ̀.

Ta ló kọ́ mi? Orí ara mi ni. Mo ní èmi gbọ́n, mi ò lo omi. Mo yá rọ́bà atẹ́gùn fọganáìsà, mo fẹ́ ihò náà fìì. Ẹrẹ̀ jáde lóòótọ́, àmọ́ páìpù abẹ́ rẹ̀ yọ pẹ̀lú. Òjò kan péré, ọkọ̀ Alhaji, oníbàárà mi, ò dá rímóòtù lóhùn mọ́. Rewáyà tú ìjókòó, omi ń mì lábẹ́ rẹ̀. Alhaji wò mí: “Ìwọ ọmọ yìí, ṣé ẹja àrọ̀ lo fẹ́ máa sìn níbẹ̀ ni?” Mo dọ̀bálẹ̀, mo sì sanwó.

Ọwọ́ ni kẹ́ ẹ fi ṣa ewé. Ẹ fi ẹ̀rọ tó ń fa eruku fa ìyókù, kẹ́ ẹ rọra ti okùn náílọ́ọ̀nù tí wọ́n fi ń gé koríko wọ ihò náà. Ẹ da ife omi kan sí i, kẹ́ ẹ bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ ọkọ̀. Tí kò bá kán sílẹ̀, ẹ má fọ ibẹ̀.

Ẹ̀karùn-ún, àbí ẹ̀kẹrin ni: ẹ má fa wáyà aláwọ̀ ìyeyè abẹ́ ìjókòó yọ nítorí eruku. Ti àpò atẹ́gùn tó ń wú nígbà ìjàǹbá ni.

Ẹńjìnnì Boxster wà lẹ́yìn ìjókòó. Ẹ yé ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì iwájú kẹ́ ẹ máa wá a.

Ní ti ihò AC, búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ ń gbọn eruku, ẹ̀rọ ń fà á lẹ́ẹ̀kan náà. Èyí tí mo fi ṣe ti ọmọkùnrin yẹn, búrọ́ọ̀ṣì àtíkè ìyàwó mi ni. Ó ti ń wá a láti Àlàmísì.